Epo Tí Ojú Kò Rí Mọ́

Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe òrí ní Òkèhò mọ̀ pé ọ̀rá kì í bá omi rẹ́. Bí wọ́n ti ń pò ó mọ́ omi ni ọ̀rá ń léfòó, tí wọn a sì kó o. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ fífọ ìkòkò, omi nìkan kò tó, àfi ọṣẹ.

Iṣẹ́ ọṣẹ yìí gan-an ni oògùn tí ń tú epo ká ń ṣe lójú òkun. Mólékù rẹ̀ ní orí tí ó fẹ́ràn omi, ó sì ní ìrù tí ó fẹ́ràn epo. Ní ààlà àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tò sí. Ojú ààlà tí ó ti fà le bí awọ ìlù a wá dẹ̀, ìgbì a sì fọ́ epo náà sí wínníwínní, tí yóò wọ inú omi, tí kò sì ní tètè léfòó mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, epo náà kò tíì dínkù. Ibùgbé ni ó pààrọ̀. Ẹni tí ó da omi ìfọkòkò sẹ́yìnkùlé kò lè ní ọ̀rá ti pòórá.

Èmi kò sọ pé oògùn náà kò wúlò. Ó lè gba ẹyẹ òkun àti igi etíkun là, àwọn kòkòrò tíńtìntín tí ń jẹ epo a sì rí ibi púpọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹyin ẹja àti edé tí ń gbé ìsàlẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà. Nígbà tí ọkọ̀ Torrey Canyon fọ́ nítòsí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, oògùn tí wọ́n dà sí i tó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn àpáta etíkun tí wọ́n dà á sí jù ni ó pẹ́ jù kí ohun abẹ̀mí tó padà síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ti òde òní kò lóró tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá 2011, epo ya ní Bonga, nǹkan bí kìlómítà 120 sí etíkun wa. Shell sọ pé kò tó àgbá 40,000, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú da oògùn sí i. Àwọn apẹja ní epo dé ọ̀dọ̀ àwọn. Shell ní epo ẹlòmíràn ni. Láti òkè, òkun lè mọ́ lójú kí àríyànjiyàn ìsàlẹ̀ má sì tán.

Nítorí náà, kí wọ́n tó da òmíràn, kí wọ́n kéde orúkọ oògùn náà, iye rẹ̀ àti ibi tí wọn yóò dà á sí, ní èdè tí apẹja gbọ́. Kí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ elépo sì bu omi ìsàlẹ̀ wò, kì í ṣe lọ́jọ́ kan péré.