Ìgbàmọ́yà, Kì í Ṣe Ìgbésókè: Lórí Sísọ Ìdárayá Gíríyà Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu gan-an. Ẹni tí yóò sọ ohun kan lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun náà, kí ó mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì mọ ẹni tí yóò lo orúkọ náà àti ohun tí yóò fi ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí onítọ̀hún ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó mú ọ̀rọ̀ tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jọ ọ́. Àpẹẹrẹ kan láti inú eré ìdárayá yóò fi hàn pé irú ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní jàǹbá ní apá àti ní ẹ̀yìn.

Ohun èlò tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni ọta irin kan tí ó ní ìdìmú lórí, èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní girya. Irin ìwọ̀n ni ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń wọn ọkà lọ́jà. Òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn, púùdù, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 16.4. Ìdí nìyí tí àwọn irin tí ó gbajúmọ̀ jù fi jẹ́ kìlógíráàmù 16, 24 àti 32, ìyẹn púùdù kan, púùdù kan àbọ̀, àti púùdù méjì. Ní 1885, Dókítà Vladislav Kraevsky dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ohun wíwúwo ṣe eré ìdárayá sílẹ̀ ní St. Petersburg. Ní 1985, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ti gbogbo Soviet Union ní ìlú Lipetsk. Ìwé tí Pavel Tsatsouline tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001 wà lára ohun tí ó mú kí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba irin náà.

Orúkọ irin yìí kò le. Gẹ̀ẹ́sì wo ìrísí rẹ̀, ó sì so kẹ́tù pọ̀ mọ́ agogo. Bí Yorùbá bá tẹ̀ lé e, tí ó pè é ní «agogo kẹ́tù», ẹni tí ó gbọ́ yóò máa retí omi gbígbóná tàbí ìró agogo. Ó sàn kí wọ́n yá orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, kí wọ́n pè é ní gíríyà. Kò sí ìró kan nínú rẹ̀ tí ó ṣàjèjì sí ètè Yorùbá. Orúkọ ohun èlò ṣe é yá láìséwu. Bí ènìyàn bá ti fojú rí irin náà, ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro wà níbi orúkọ ìṣesí. Ìṣesí kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní clean: kí ènìyàn mú irin láti ilẹ̀, tàbí láti àárín itan, kí ó fi gúnlẹ̀ sí iwájú èjìká. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà yóò ronú «mímọ́» tàbí «ìmọ́tótó», bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Òfin ìdíje àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà náà, àwọn kan a máa fa ọ̀pá irin dé ibi ìgbànú, wọn a sì gbé e sinmi níbẹ̀ kí wọ́n tó fi dé èjìká. Èkejì ni pé kí ọ̀pá náà dé èjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfara kan ara. Irú kejì yìí ni wọ́n pè ní clean, nítorí pé kò ní àbùlà. Ìtàn òfin ni orúkọ náà ń sọ. Kò sọ ohun tí ìbàdí, apá àti ọwọ́ ń ṣe. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n pè é ní «ìgbésókè» tàbí «ìgbéléjìká». Àṣìṣe tí ó burú jù nìyí, nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo sọ nípa ẹrù: orí ni ó ń rù, ẹ̀yìn ni ó ń pọn ọmọ, èjìká ni wọ́n ń fi nǹkan kọ́, ọwọ́ àti apá ni ó sì ń gbé. Bí olùkọ́ bá ní «gbé e», apá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò. Yóò ká ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni fẹ́ gbé ife omu, yóò fún ìdìmú pinpin, irin yóò ya lọ síwájú, yóò sì ṣubú lé e ní apá láti òkè. Ibẹ̀ ni apá ti ń bó, tí ọrùn ọwọ́ sì ń rọ́. Ohun tí olùkọ́ ní kí ó ṣe gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ó ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí ìṣesí náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ya ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n èjìká, irin wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ó ti ìdí sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀, kò sì lóṣòó. Ó di irin mú, ó fì í sẹ́yìn gba àárín itan. Lójijì ni ó na ìbàdí rẹ̀ tán, agbára ìbàdí náà sì ta irin sókè bí ọrun ti ń ta ọfà. Apá kò ju okùn lọ ní àkókò yìí. Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìhà. Bí irin ti ń gòkè lọ nítòsí ara, ìgbà díẹ̀ kan wà tí ó dà bí ẹni pé kò wúwo mọ́. Ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dẹ ọwọ́, tí yóò sì tọwọ́ bọ ìdìmú bí ẹni ń tọwọ́ bọ apá bùbá. Ọwọ́ ni ó ń yí irin ká. Irin kò gbọdọ̀ fò kọjá lórí ọwọ́. Ní ìparí, irin fara ti apá lóde, ìdìmú dábùú àtẹ́lẹwọ́ láti ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò dé ìdí àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ nà, ìgbọ̀nwọ́ sì lẹ̀ mọ́ ìhà.

Láti inú èyí, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni ó yẹ kí ó wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí:

1. Ìtìdísẹ́yìn: títẹ ara láti ìbàdí, tí ó yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ àti ìlóṣòó.
2. Ìfìsẹ́yìn: fífi irin sẹ́yìn láàárín itan.
3. Ìfìbàdíta: nínà ìbàdí lójijì láti ta irin sókè.
4. Ìtọwọ́bọ̀: títi ọwọ́ bọ ìdìmú.
5. Ibùsọ̀: ibi tí irin sinmi sí níwájú èjìká, bí ẹlẹ́rù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà.

Orúkọ gbogbo ìṣesí náà lápapọ̀ ni ìgbàmọ́yà, tí wọ́n ṣẹ̀dá bí ìgbàmọ́ra: gbígba irin mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé irin ń bọ̀ fúnra rẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ ni láti gbà á. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín ju ibikíbi lọ. «Gbà» àti «gbá» kò ju àmì ohùn kan lọ síra wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí yóò ti gba irin náà, irin náà ni yóò gbá a. Bákan náà ni «fi» àti «fì». Ìwé ìdárayá tí kò bá fi àmì ohùn sí i kò tíì kọ́ni ní nǹkan kan.

Àwọn kan yóò jiyàn pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gùn, pé «kílíìnì» ti wà lẹ́nu àwọn eléré ìdárayá, kí ó máa bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ wọ̀nyí gùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń fi ọ̀rọ̀-orúkọ pàṣẹ? Olùkọ́ tí ó dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ yóò wí pé: «Fì í! Ta á! Tọwọ́ bọ̀ ọ́! Gbà á!» Kò sí èyí tí kò kúrú níbẹ̀, kò sì sí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti wo ìwé kí ó tó mọ̀. «Kílíìnì» kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara kò mọ ohun tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí lápapọ̀. Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bamgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 ṣe iṣẹ́ ńlá fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Nínú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni olùkọ́ nílò jù, nítorí pé èrò ni wọ́n ń sọ lórúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú aláboyún àti ìdárayá yàtọ̀. Ìṣe ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ọrọ̀ Yorùbá. Ó tọ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó tún tọ́ kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà tẹ̀ lé bí wọ́n ti ń kọ́ni. Nínú gíríyà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa kọ́kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin dé ibùsọ̀, kí ó mọ bí ó ti ń sinmi, kí ó kọ́ bí ó ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó tó ta á sókè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibùsọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú àkójọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kẹ́yìn nínú ìṣesí.

Ìwọ̀n tí ó yẹ fún ọ̀rọ̀-ìperí tuntun kò le: kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ ohun náà rí, kí wọ́n sì wo ohun tí ara rẹ̀ yóò ṣe. Bí ara bá ṣe ohun tí ó tọ́, ọ̀rọ̀ náà yè. Bí kò bá ṣe é, kí wọ́n tún ilé wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ.