ÌWÉ ẸJỌ́ KÌ Í ṢE OGÚN AKỌ̀WÉ KÓÒTÙ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun ni a fi ń bá adájọ́ tí kò ṣe ẹ̀tọ́ wí. Ṣùgbọ́n ìkà mìíràn wà tí òwe náà kò dárúkọ. Ẹ̀yìn tí a bá ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì ni ó ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí adájọ́ ti dájọ́ tí oníkálukú sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ìkà náà ni pé kí a kó ìwé tí a kọ ẹjọ́ ọ̀hún sí, kí a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á sì di alágbe lẹ́nu ọ̀nà akọ̀wé kóòtù. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ìwé ẹjọ́ kì í ṣe ogún akọ̀wé kóòtù, kì í sì í ṣe ti lọ́yà nìkan. Ti gbogbo ìlú ni. Àṣà wa sọ bẹ́ẹ̀, òfin sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì yẹ kí a wí i síta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ààlà oko, a kì í gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Baálé ni yóò kọ́kọ́ dá sí i. Bí ó bá kọjá agbára baálé, ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò. Bí ó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ààfin. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó lè dúró gbọ́. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ wà: ó wà lẹ́nu àwọn tí ó gbọ́. Bí ẹnìkan bá dìde ní ogún ọdún lẹ́yìn náà láti yí ọ̀rọ̀ padà, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò dá a lóhùn pé, "Ojú wa ni a ṣe dá ẹjọ́ yìí." Nígbà tí òyìnbó dé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó mú ìwé àti tàdáwà wá. Èyí kò burú, nítorí ìwé kì í gbàgbé bí ènìyàn ti ń gbàgbé. Ohun tí ó burú ni pé a gba ìrántí kúrò lẹ́nu ará ìlú, a kó o sínú àpótí, a kò sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni ìwé ẹjọ́ àtijọ́ lè ṣe fún ni. Kí ó wo ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọn kò sì fẹ́ san owó rẹ̀ bí ẹni pé àwọn tí ó ni ín ni ó ni ín ní tòótọ́. Olóyè náà kò gbà. Ó bá ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ tí ó ga jù lọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ilẹ̀ wa nígbà náà dá a láre pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ wọn. Títí di òní olónìí, ẹni tí ń kọ́ òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà kò lè fo ẹjọ́ náà dá. Kí ni ó mú un wà láàyè? Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni, èyí tí a tẹ̀ jáde tí ẹni tí ó fẹ́ sì lè rí kà.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mélòó ni ó ń rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀? Láti ọdún 1985 tí Olóyè Gani Fawehinmi ti dá ìwé ìròyìn ẹjọ́ rẹ̀, Nigerian Weekly Law Reports, sílẹ̀, ẹjọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ òkè ni ó ń rí ibẹ̀ wọ̀. Ẹjọ́ àgbẹ̀ àti ti alájàpá ní Éríà Kóòtù àti ní kóòtù Májísíréètì kì í dé ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé tí adájọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ni ó wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ìyẹn kà, a jẹ́ pé bí ẹni tí a kò dá ẹjọ́ náà rí ni.

Àwọn kan gbà pé ojú àánú ni akọ̀wé kóòtù fi ń wo ni bí ó bá fún ni ní ẹ̀dà ìwé ẹjọ́. Irọ́ gbáà ni. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, pàṣẹ pé ní gbangba ni kí a máa gbọ́ ẹjọ́, àyàfi níbi tí ààbò ìlú, ọ̀rọ̀ ọmọdé tàbí àṣírí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá mú kí a ti ìlẹ̀kùn. Abala kan náà sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ ẹjọ́ ọ̀ràn sílẹ̀, àti pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn adájọ́ mọ́ ìwé gbogbo ènìyàn. Ó sì pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó fún ẹni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀dà rẹ̀, bí onítọ̀hún bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀.

Ta wá ni ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́? Òfin Òmìnira Ìròyìn, èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ti dáhùn. Ó ka ẹ̀ka ìdájọ́ mọ́ àwọn tí òfin náà mú. Ó ní kò pọn dandan kí olùbéèrè fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ó ní kí a dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Bí a bá sì kọ̀, kí ó gba ilé-ẹjọ́ lọ láàárín 30 ọjọ́. Owó ìtanràn ẹni tí ó bá fi ìwé du olùbéèrè láìtọ́ jẹ́ ₦500,000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ fi òpin sí iyàn náà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó kàn.

Báwo wá ni a ṣe ń béèrè? Èyí ni ohun tí wọn kò kọ́ wa ní ilé-ìwé. Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùbéèrè mọ kóòtù tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí kóòtù kọ̀ọ̀kan ni ó ń tọ́jú ìwé tirẹ̀. Kí ó wá orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, ọdún tí a dá ẹjọ́, àti nọ́ńbà ẹjọ́. Nọ́ńbà yìí ni kọ́kọ́rọ́. A máa ń rí i lára ìwé ìpè tí baba ẹni tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bí kò bá sí nọ́ńbà, kí ó ní kí a yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ ti ọdún náà wò. Kí ó kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà kóòtù, kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ó sì rí i pé wọ́n kọ déètì tí wọ́n gbà á sára ẹ̀dà rẹ̀, nítorí láti ìgbà náà ni a ó ti máa ka ọjọ́. Kí ó san owó tí a là sílẹ̀, kí ó gba rìsíìtì. Bí ìwé bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, kí ó kọ déètì, orúkọ àti ipò rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Òfin Òmìnira Ìròyìn gbà kí ẹlòmíràn bá a béèrè. Bí ó bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ni yóò bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí òfin ti wí nìyẹn. Ohun tí ojú ń rí yàtọ̀. Nígbà tí mo ń kó ohun èlò jọ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí èdè àwọn ẹlẹ́rìí, mo dé kóòtù kan tí n kò ní dárúkọ. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀ kò bi mí ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ohun tí ó bi mí ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́ nínú àwọn tí ń jà?" Mo ní n kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ní kí n padà sí ilé-ìwé mi lọ kàwé. Nígbà kẹta tí mo lọ, òmíràn fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n wá nǹkan fún àwọn ọmọ kí iṣẹ́ lè yá. N kò mú rìsíìtì kúrò níbẹ̀, n kò sì mú ìwé kúrò níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní owó oṣù akọ̀wé kéré, kò sí iná, òrùlé yàrá ìwé sì ń jò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé tí ń jò kọ́ ni ó ń béèrè àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tún ní bí gbogbo ayé bá ń ka ìwé ẹjọ́, àṣírí yóò tú, ìjà àtijọ́ yóò sì rú. Èmi náà gbà pé orúkọ ọmọdé àti ọ̀rọ̀ ìyàrá tọkọtaya kò yẹ ní gbígbé sí ìta, òfin sì ti dáàbò bo irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ tí a gbọ́ ní gbangba, àṣírí wo ni ó kù níbẹ̀? Àìrí ìdájọ́ gan-an ni ó ń rú ìjà àtijọ́. Bí kóòtù bá ti dá ilẹ̀ fún ìdílé kan, òfin kò gbà kí àwọn kan náà tún wá fa ẹjọ́ kan náà. Bí ìwé bá wá sọnù, ta ni yóò jẹ́rìí? Ọmọ ẹni tí ó jẹ̀bi yóò tún ilẹ̀ tà, ẹni tí ó rà á yóò kọ́lé sí i, ìdílé méjèèjì yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó lọ́yà.

Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ilé-ẹjọ́ tí ó bá jó kì í bu ẹwà kankan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nínú rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ SARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun Hàíkóòtù Ìgbóṣeré ní Èkó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ẹjọ́ sì di eérú. Ìwé tí ó bá wà níbì kan ṣoṣo, iná kan ṣoṣo ni yóò jó o tán. Èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ará ìlú kò ṣeé jó tán bẹ́ẹ̀. Ní ti àwa Yorùbá tí ó wà ní ẹkùn Ìlọrin àti Kàbbà àtijọ́, wàhálà tiwa tún légbá kan. Nítorí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni a wà, ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìjọba nípa wa láti ayé òyìnbó wà ní ilé ìṣúra ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná, nígbà tí ti àwọn ará wa ní Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Ìbàdàn. Ìgbómìnà tí ó bá ń wá ìtàn ilẹ̀ baba rẹ̀ ní láti mọ èyí kí ó tó wọ ọkọ̀.

Èyí tí ó kan ẹ̀ka wa jù lọ ni ti èdè. Ẹlẹ́rìí a máa fi Yorùbá búra, a máa fi Yorùbá sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bàbá àgbàlagbà kan bá ní, "Baba mi fún un ní ilẹ̀ dá oko," ohun tí ó ń wí ni pé àlejò ni ẹni náà, tí yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ó bá ní, "Baba mi fi ilẹ̀ ta á lọ́rẹ," ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí akọ̀wé bá wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo kọ méjèèjì, ó ti da ẹjọ́ náà rú kí adájọ́ tó la ẹnu. Òfin fún ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a bá ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ta ni ògbufọ̀ bàbá yìí nígbà tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a kọ pé òun sọ?

Nítorí náà, mo ń ké sí ẹ̀ka Yorùbá wa. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí a ń lọ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà ìbéèrè fún ẹ̀dà ìwé ẹjọ́, dípò lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé tí a ń kọ lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa darí wa láti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ kóòtù ní Yorùbá, kí òye rẹ̀ má baà mọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Kí a sì bá àwọn kóòtù àyíká wa sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lẹ iye owó ẹ̀dà mọ́ ara ògiri ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì ní ìwé atọ́ka tí ará ìlú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Kò sí èyí tí ó ju agbára wa lọ nínú gbogbo rẹ̀. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.