Àpótí Tó Ti Kún Tẹ́lẹ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, òwe yìí ló máa ń gba orí fóònù jáde láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àkúrẹ́, tí á wá bá ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Á kí ọmọ, á kí ọkọ ọmọ, á béèrè bí òtútù ṣe ń ṣe wọ́n sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá pòwe. Ẹni tó ń pa òwe náà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àjò dùn, pé adùn yẹn ló so ọmọ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan di ẹrù àtirelé ní Peckham, àdúgbò tí èèyàn ti lè ra èlùbọ́, ẹ̀wà olóyin àti ṣàwá láìsọ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ kan. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé àpótí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Mo rò pé òfìfo ni, mo fi ọwọ́ kan gbá a mú, díẹ̀ ló kù kó gbé mi ṣubú. Àpótí ti kún. Ẹrù ìrìn àjò kan tí wọn kò lọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti gbàgbé pé àwọn dì í rí.

Bàtà ọmọdé pupa kan ló kọ́kọ́ jáde, bébà ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní imú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rà á fún ti ń múra ìdánwò WAEC báyìí. Kọ́kọ́rọ́ kan tẹ̀ lé e, àgádágodo rẹ̀ kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni mọ́. Káàdì SIM kan wà nínú àpòòwé. Òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ni pé nọ́ńbà tí a kò fi pe ìpè olówó tàbí ra dátà fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ lórí láìwòwé, bóyá ẹnì kan ní Kánò ló ń fi pe ìyàwó rẹ̀ lónìí.

Owó náírà náà wà níbẹ̀, ẹlẹ́gbẹ̀rún-kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ká pọ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ó ti di bébà, nítorí wọ́n rántí ariwo owó tuntun ìparí ọdún 2022 àti bí àwọn èèyàn ṣe sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Mo ní rárá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ní oṣù Kẹta ọdún náà pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún, kí ọdún tó parí ó tún ní kí tuntun àti àtijọ́ jọ máa lọ. Owó náà ṣì ṣeé ná. Ohun tó lè rà ni mi ò fẹ́ sọ fún wọn.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni léèsì búlúù kan wà pẹ̀lú gèlè, tí abẹ́rẹ́ kò tíì kàn. Aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá wọn ni. Ẹnì kan ló bá wọn gbé e wá láti ilé nígbà náà, kí wọ́n lè rán an kí wọ́n tó lọ. Wọn kò lọ. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n kọ ṣì wà lórí tábìlì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, òfin ilẹ̀ náà sì ni pé ẹni tó bá jáde kí èsì tó dé, a ó kà á sí pé ó ti fa ìwé rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ ni èyí tó ń gba ọdún 10 kí èèyàn tó lè bẹ̀bẹ̀ fún ìgbélùú láéláé. Ẹni tó bá já a láàárín lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Inú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ti wo bàbá wọn wọ ilẹ̀, lórí fóònù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ṣé àjò tó dùn nìyẹn? Ẹni tí àjò dùn mọ́, tó níwèé, tó lówó, ẹ máa rí i lÉkòó ní gbogbo oṣù Kejìlá, dígí dúdú lójú, tí ń ti òde ijó kan bọ́ sí òmíràn. Detty December ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń pòwe fún un. Ẹni tí àjò korò fún ni kì í lè relé, òun náà ni ìyá ń fi òwe gún lára láìmọ̀. Ká ní ẹni tó wà nílé lè kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìwé rẹ ti jáde?”, ìdáhùn tí yóò gbọ́ á yàtọ̀.

Àwọn àgbà kò ṣì í sọ o. Nígbà tiwọn, ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Òṣómàáló á kó aṣọ kúrò nÍjẹ̀ṣà, á tà á ní àwìn kiri Èkìtì àti Àkókó, á lóṣòó síwájú onígbèsè títí owó á fi jáde, bó bá sì wù ú, á kọrí sílé. Adùn ọjà nìkan ló lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Àmọ́ ẹ wo àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà tó ń tajà ní Kumasi àti Tamale ní Ghana láyé àtijọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ń wo ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo gbèsè tó wà níta, ó ń wo ohun tí orí lè rù. Wọ́n relé lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn àti ìkorò kọ́ ló pinnu rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, báàgì tí àwọn ará Ghana fi kó ẹrù ló wá ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Irú rẹ̀ 2 ni ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Rye Lane.

Ìwọ̀n ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Kílò 23 ni ọkọ̀ òfurufú wọn gbà fún báàgì kọ̀ọ̀kan, ọjà tuntun nìkan sì ti tó bẹ́ẹ̀: ìpara, fítámì, ṣokoléètì, bàtà àwọn ọmọ ìjọ. Èmi ìbá dá àwọn ohun àtijọ́ padà sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tuntun, wọ́n ń fi léèsì àti bàtà pupa dípò.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wọ bàtà yìí?”

“Wọ́n ò ha bímọ nílé wa mọ́ ni? Gbé e síbẹ̀. Àwọn yìí ló ti wà lórí ìlà tipẹ́.”