Ẹni tó hun ẹní ló yẹ kó jèrè ẹní

Bí èèyàn bá dé ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, ẹja ló máa kọ́kọ́ rí. Orí ẹja ni ariwo wà, orí ẹ̀ náà lowó wà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ pípẹ́, kí ẹja tó dórí àtẹ, ẹnì kan ti jókòó hun ìgèrè tí wọ́n fi mú un, ẹlòmíì sì ti hun apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi rù ú. Àwọn wọ̀nyí lọjà kì í dárúkọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú gbà pé ike ló pa iṣẹ́ ẹní àti apẹ̀rẹ̀ híhun. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á gan-an ló ń pa á. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ hun ẹní yóò gba iye tí alágbàtà bá sọ. Ẹní kan náà á wọ ìgboro Èkó, wọ́n á gbé e kọ́ ògiri ilé olówó, ó di iṣẹ́ ọnà. Owó ńlá wọlé, àpò ẹni tó hun ún kọ́ ló wọ̀. Ṣé ó wá yẹ kó yani lẹ́nu pé ọ̀kadà wu ọmọ rẹ̀ ju ẹní lọ?

Ẹ wo àwọn obìnrin onílẹ̀ ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ti mọ òṣùká ká tipẹ́. Lọ́dún 1995, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, NPY Women's Council, dá Tjanpi Desert Weavers sílẹ̀. Koríko ni ìtúmọ̀ tjanpi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi koríko hun apẹ̀rẹ̀ àti ère. Nígbà tó di 2005, àwọn kan lára wọn láti Blackstone fi koríko ṣe mọ́tò Toyota tó tóbi bíi mọ́tò gidi, òun ló sì gba ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìdíje iṣẹ́ ọnà àwọn onílẹ̀ lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ló ń lọ bá wọn lábúlé, tó ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, tó sì ń kó èèlò fún wọn. Orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà sì ń bá ọjà rìn.

Nílé ńkọ́? Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì, ìpínlẹ̀ Kogí, lọ́dún 1951, ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà nídìí aṣọ híhun àti àdìrẹ. Lọ́dún 1983 ló dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ l'Óṣogbo, tó ń kọ́ àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ní Lẹ́kkí wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Lójú ọ̀nà yìí kan náà, n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ni wọ́n ti ṣí ilé ọnà Yemisi Shyllon lọ́dún 2019. Ìkòròdú ni Olóyè Rasheed Gbadamosi, tó kú ní 2016, kọ́ gbọ̀ngàn Yusuf Grillo sí. Oníbàárà kò jìnnà.

Kí ló wá kù? Kí àwọn ahunní kóra jọ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò sí iye owó kan, kí ìwọ̀n ọjà má sì yàtọ̀ síra. Kí wọ́n so orúkọ ẹni tó hun ún àti ìlú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ní kí wọ́n hun ogún apẹ̀rẹ̀ wá, kí wọ́n gba àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ra èèlò. Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ styrofoam ní 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin mú àwọn tó ń lo ike àlòsọnù àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní July 2025. Ẹni tó ń ta oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn ń wá ohun tí yóò fi dì í. Àyè rèé fún apẹ̀rẹ̀ kéékèèké.

Àwọn kan á ní mẹ̀kúnnù kò ní lè ra apẹ̀rẹ̀ tó wọ́n. Kò burú. Kí wọ́n hun ti ọjà, kí wọ́n sì hun ti ògiri lọ́tọ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò ẹ̀ṣọ́ ilé, ẹ lọ bá ẹni tó hun ún, ẹ san owó tó tọ́ sí i. Bí iṣẹ́ bá ń fi ebi pa ìyá, kò sí ọmọ tí yóò fẹ́ẹ́ kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n hun bá sì tán, kò sí alágbàtà tí yóò rí ẹní tà.