Ẹlẹ́rìí Lẹ Ń Sanwó Fún: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín kú àìsùn. Àwa tí a ń gbé agbègbè Boundary mọ̀ pé nígbà tí àgbà bá ti ń hanrun, ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì jókòó ti kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Ẹjọ́ yín kọ́. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ń wọṣẹ́ ní California, agogo márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ ń bá wọn kọ̀wé, ẹ ń ya àmì ilé-iṣẹ́ fún wọn, ẹ ń bá wọn tọ́jú ìwé ìṣirò owó. Iṣẹ́ gidi ni, kí ẹnikẹ́ni má fi wé ti àwọn ọmọ yàhúù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu yín, tí n kò fẹ́ gbọ́ kí n dákẹ́. Ẹ ó ní, “Bàbá, oníbàárà mi ní ká kúrò lórí Upwork, ká máa bá a lọ lórí WhatsApp, kí wọ́n má bàa yọ lára owó wa.” Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń fi yangàn, bí ẹni pé ọgbọ́n ni.

N kò ní purọ́ fún yín, owó tí Upwork àti Fiverr, àwọn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń rí iṣẹ́, ń yọ dunni. Fiverr ń mú 20 nínú 100 dọ́là tí ẹ bá pa. Upwork sọ tirẹ̀ di 10 ní 2023. Láti 2025, ó di ohun tó ń yí láti òdo títí dé 15 bí iṣẹ́ bá ṣe rí. Ẹ sì tún sábà máa ń fowó ra Connects tí ẹ fi ń tọrọ iṣẹ́ níbẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù 2023, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí wọ́n bá yọ dọ́là mẹ́wàá lára owó rẹ̀ báyìí mọ ohun tí wọ́n yọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ sí ìwé. Nínú ìwé Upwork yẹn, ẹ gbà pé ẹ kò ní fún oníbàárà ní nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì kí àdéhùn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lè máa bá ara yín sọ̀rọ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀dọ̀ wọn fún oṣù 24. Fiverr le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò fẹ́ rí nọ́ńbà tàbí ímeèlì nínú ọ̀rọ̀ yín, àfi bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un. Ọmọlúàbí kì í fọwọ́ ọ̀tún buwọ́ lùwé kó tún fi tòsì ya á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi mọ̀. Iṣẹ́ kílíárìn ni mo ṣe ní Wọ́ọ̀fù Àpápá kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó fẹ́ kó ẹrù wọlé láti Guangzhou kò mọ ẹni tó ń tajà fún un. Bí òun bá kọ́kọ́ sanwó, ó lè má rí ẹrù. Bí ẹni ọ̀hún bá kọ́kọ́ fi ẹrù sínú ọkọ̀, ó lè má rí owó. Báńkì ló ń bọ́ sáàárín wọn. Ẹni tó ń ra ọjà á ṣí Form M, ìwé tí wọ́n fi ń kéde ọjà tí wọ́n fẹ́ kó wọlé, báńkì rẹ̀ á kọ letter of credit, ìyẹn ìwé tó fi ń gbà pé òun á sanwó. Ọjọ́ tí ẹni tó wà ní China bá mú bill of lading, ìwé tó jẹ́rìí pé ẹrù ti wọ ọkọ̀, wá, tí gbogbo ìwé sì bára mu, owó rẹ̀ dé. Báńkì kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníṣòwò sì ń kùn. Síbẹ̀ wọ́n ń san án, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà: ẹni kẹta tó lè jẹ́rìí, tí owó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀yin náà ń rà nìyẹn. Bí ẹ bá dá iye kan lé iṣẹ́ lórí Upwork, oníbàárà á ti kó owó sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tó dákẹ́ fún ọjọ́ 14, owó á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti wákàtí, ẹ̀rọ wọn ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ní wákàtí kan. Ẹ ń pè é ní amí. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní ẹ kò ṣiṣẹ́, amí yẹn náà ni yóò gbè yín.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Ẹnì kan á kọ̀wé sí yín pé, “Iṣẹ́ yín wù mí. Ẹ wá bá ọ̀gá wa lórí Telegram.” Ọ̀gá yìí kì í ná ọjà. Iye tí ẹ bá pè ló gbà. Ẹ ó fi òru méjì ṣiṣẹ́, ẹ ó fi ránṣẹ́. Ìgbà náà ni yóò wí pé owó yín ti wà nílẹ̀, ẹ kàn ní láti kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí ó tó lè jáde. Òmíràn á fi ímeèlì tó jọ ti PayPal ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, fífi owó ránṣẹ́ ni wọ́n fún wa láyè, kì í ṣe gbígbà. Ìyẹn ló sọ àwọn kan di ẹni tó ń yá àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni lò, owó tó bá sì wọ àkáǹtì olórúkọ mìíràn, tolórúkọ ni.

Ẹ lè ní, “Bàbá, oníbàárà tèmi kì í ṣe oníjìbìtì.” Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n èèyàn rere náà ń kúrò níbi iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ọ̀gá tuntun, ọ̀gá tuntun á sì ní òun kò mọ̀ yín rí. Kí lẹ máa fi hàn án? Kóòtù Májísíréètì Àpápá kò lè ránṣẹ́ pe ará Texas. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀rí yẹn, ó lè pa á rẹ́ kí ẹ tó kà á tán.

Bí Upwork bá sì rí i pé ẹ ń gbowó níta, wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa. Gbogbo ẹ̀rí tí àwọn oníbàárà ti kọ nípa yín á bá a lọ. Ẹnì kan, àkáǹtì kan ni òfin wọn. Ẹ má ṣe wá forúkọ àbúrò yín ṣí òmíràn, ẹ má sì háyà ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn, ẹ sì ti fa ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ ọ́.

N kò ní kí ẹ máa sìn wọ́n títí ayé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Oníbàárà tí ẹ fúnra yín wá rí, yálà lórí LinkedIn, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tàbí ní àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó wà ní Creek Road níbí, tiyín ni, kò sẹ́ni tó lè bi yín. Èyí tí ẹ bá pàdé lórí Upwork, bí oṣù 24 bá pé, ẹ ti dòmìnira. Bí kò bá lè dúró, òun fúnra rẹ̀ lè san owó tí Upwork ń gbà kí ó tó mú yín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yín dénú á rò ó wò.

Bí ẹ bá sì wà níta ní tòótọ́, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ gba ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí owó sì wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ yín.

Bí àwọn oníbàárà bá tún ní kí ẹ bá àwọn kúrò lórí Upwork, ẹ má bú wọn. Ẹ dá wọn lóhùn lórí Upwork níbẹ̀ pé: “Ẹ ṣeun, inú mi á dùn láti bá yín ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ni kí owó gba ibí.” Ẹni tó bá tìtorí èyí sá lọ, ẹ dúpẹ́ pé ó sá.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ yìí, ẹ ṣí àkáǹtì yín, ẹ kọ ọjọ́ tí àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì ka oṣù 24 láti ibẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Wọ́ọ̀fù Àpápá, ní Ajégúnlẹ̀.