Ṣọ́ọ̀bù Kan, Rìsíìtì Mẹ́ta: Ta Ló Nilẹ̀ Ọjà?

 

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀fun wa, a ò lè gbé e mì mọ́. Káńsù gba owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n já rìsíìtì. Ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni, àwọn náà já rìsíìtì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìdílé tó ń bá wọn du oyè baálẹ̀ rán àwọn ọmọkùnrin wá, wọ́n ní ẹni tá a sanwó fún kì í ṣe olórí, ká tún un san. Ìsọ̀ kan ṣoṣo! Ata rodo là ń tà níbẹ̀, a ò ta wúrà.

A ò sọ pé kí onílẹ̀ má nílẹ̀. Àwa náà nílé bàbá. Àmọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ fẹ́ràn láti máa dárúkọ ẹjọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá, ó pẹjọ́ títí dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì jàre ní 1921. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹjọ́ náà délẹ̀! Ohun tí kọ́ọ̀tù gbà ni pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹbí àti ti ìlú ni, olórí kàn ń bá wọn bójú tó o ni. Alágbàtọ́ ni. Alágbàtọ́ kì í ta ọmọ ọlọ́mọ.

Ìjọba ńkọ́? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, àmọ́ ó ní fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni kó fi dì í mú. Alágbàtọ́ lòun náà. Ìwé òfin 1999 ní iṣẹ́ káńsù ni láti dá ọjà sílẹ̀ kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹ̀. Gọ́tà tó kún yẹn, ta ló ń kó o? Àwa náà ni! Alágbàtọ́ mẹ́ta, ọmọ kan, ebi sì ń pa ọmọ.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, òfin 1978 yẹn ní owó ilé àti ohun téèyàn ṣe sórí ilẹ̀ ni wọn ó san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ tó. Àwa la ra búlọ́ọ̀kù, àwa la kan páànù. Bí orúkọ wa ò bá sí nínú ìwé kankan, ta ni yóò rántí wa?

Nítorí náà, owó káńsù tó bófin mu, a ó máa san án. Owó ilẹ̀, kí àwọn tó ń du oyè kọ́kọ́ gbé ìjà wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, kí gbogbo wọn jókòó pọ̀, kí wọ́n já rìsíìtì kan, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Kí wọ́n sì kọ orúkọ olúkúlùkù wa sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yọ́ sanwó lóru kí wọ́n lè fún yín ní ìsọ̀ ẹnìkejì, ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n di ọba lé wa lórí. Ẹ jáwọ́ o. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Ọjà á tà o. Àṣẹ.