Abẹ Ti Dé, Olórí Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí a bá pa òwe yìí, ọ̀wọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tọ́ka sí, pé kí a má fojú di ẹni tó ni nǹkan. Ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onífárí tó mú abẹ dání kò mọ ibi tí eéwo fara pamọ́ sí lábẹ́ irun. Olórí ló mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń ro. Òun ni yóò ní, "Rọra níbẹ̀ yẹn o." Ohun tí olórí mọ̀ ni òwe náà fẹ́ kí a gbọ́ kí abẹ tó kan orí.

Orí ènìyàn ò tilẹ̀ ṣeé fá lẹ́yìn ẹni tó gbé e rù. Ilẹ̀ ló ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ilẹ̀ lè wà ní abúlé kan lẹ́yìn Mòwé, kí ìwé rẹ̀ wà ní Òkè-Mósàn l'Ábẹ̀òkúta, kí àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, kí àwọn tó ti san àsansílẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Gbogbo wọn ti mọ̀. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ni yóò gbọ́ gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ tó bá rí òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láàárín ebè rẹ̀, tàbí lọ́jọ́ tí katakata bá dé.

Irú abúlé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lónìí láti Ìbàfò dé Ọ̀fàdà, àti láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí dé Ẹ̀pẹ́. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá kóra jọ láti ní àwọn ò fẹ́ ẹ́sítéètì, ọ̀tá ìdàgbàsókè ni wọ́n máa ń pè wọ́n. Orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn yóò rí i pé eéwo ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ omi. Bí àlejò bá dé àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ títẹ́jú tó dára ni yóò rí. Ará abúlé mọ̀ pé inú odò ni àlejò náà dúró sí. Bí òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje bá ti ń rọ̀, ibẹ̀ ni omi máa ń yà sí kó tó rọra máa lọ. Bí a bá fi yanrìn dí i, omi ò ní torí ìyẹn parẹ́. Yóò wá ibòmíràn lọ, ibi tó sì sábà máa ń lọ ni ilé àwọn tó ti ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn tí ìpìlẹ̀ ilé wọn kò ga. Bó bá ṣe díẹ̀, àwọn tó ra ilé tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi nínú pálọ̀. Obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ yẹn lè nàka sí ara igi kan kó ní, "Ibí ni omi dé lọ́dún tí òjò pọ̀." Ẹni tó wá wọn ilẹ̀ ní oṣù kejì kò lè rí ìyẹn, kò sì ní sí nínú ìwé tó bá yà. Ìmọ̀ tí ó yẹ kí ilé iṣẹ́ kan fi owó ńlá wá nìyí, tí obìnrin yìí sì ṣe tán láti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

A ti rí ibi tí fífá orí lẹ́yìn olórí ń já sí. Ní oṣù keje 1990, nígbà tí Rájí Ràsákì jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó, wọ́n kéde pé àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje láti kó kúrò nílé wọn. Bí ọjọ́ pé, katakata wọlé. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn ni wọ́n lé jáde. Ilé àwọn olówó ló wà lórí ilẹ̀ náà lónìí.

Ta wá ni olórí? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, torí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa ń rò pé bí Baálẹ̀ bá ti fọwọ́ síwèé, olórí ti gbọ́. Ní 1912, olóyè kan láti Òdògbolú sọ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a ò tíì bí kò sì lóǹkà. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, pè lórí ilẹ̀ Àpápá, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ìlú, abúlé tàbí ẹbí ló ni ilẹ̀, olóyè kàn ń mójú tó o fún wọn ni. Títí dòní, bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ àwọn àgbà ojúlé yòókù níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Baálẹ̀ tó bá dá gba owó lóru ti fi orí ẹlòmíràn lé onífárí lọ́wọ́.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún wá dá kún un. Ìjọba lè gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, kó sì san owó gbà-má-bínú lórí ilé àti irè oko. Lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò san irú rẹ̀ rí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, pé ìjọba ò gbọdọ̀ fi orúkọ gbogbo ènìyàn bojú kó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan fún ilé iṣẹ́ aládàáni. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú mọ ẹjọ́ yẹn bí ẹní mowó.

Àwọn tí kì í ṣe onílẹ̀ náà lórí. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, opó tó ń fún epo létí odò, apẹja: bí ilẹ̀ lọ, oúnjẹ wọn lọ. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja tó ń gbé ní Otodo-Gbame, létí ọ̀sà ní Lẹ́kkí, rí i láàárín oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017. Iná àti katakata lé wọn jáde, àwọn mìíràn bẹ́ sínú ọ̀sà, ẹ̀mí lọ sí i. Ní oṣù kẹfà 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé wọn bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba bá wọn jókòó lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Ẹjọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ilé ti wó kó tó dé.

Mi ò ní kí a má kọ́lé. Àwọn ọmọ abúlé wọ̀nyí gan-an ló ń há mọ́ yàrá kan ní Mushin àti Àgége. Bódìjà tí Ilé Iṣẹ́ Ìkọ́lé Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ n'Íbàdàn àti àwọn ilé Jákàńdè l'Ékòó ṣe ọ̀pọ̀ ẹbí láǹfààní. Àwọn kan sì wà tó ń pariwo "a ò fẹ́" kí owó ilẹ̀ lè gun òkè sí i fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ti olórí. Òwe náà ò sọ pé kí orí má ṣeé fá. Ibi tí olórí bá ní kí abẹ yà fún ni kí abẹ yà fún.

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 sọ pé ẹ́sítéètì tó bá tó àádọ́ta hẹ́kítà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn láti kà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ó nípọn, ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ohun tí àwọn abúlé wọ̀nyí lè fi dandan béèrè ni pé kí wọ́n wá kà á sókè ní gbàgede, ní Yorùbá, ní Ẹ̀gùn níbi tí Ẹ̀gùn bá ń gbé, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà kí àwọn obìnrin lè wà níbẹ̀. Kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé bá àgbẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà ká ní oṣù keje, kí wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, kí wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.